Ẹmọ́ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Bàbá Mi

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, yálà abẹ́ àwọ̀n tí wọ́n ta bo oòrùn lẹ wà bíi tèmi, àbí ẹ wà lọ́hùn-ún níbi tí oòrùn ti ń yan èèyàn lórí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ wá nǹkan jókòó lé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni. Ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀, ẹnu mi gan-an ló dá a sílẹ̀. Mi ò kàwé lọ títí. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ má tìtorí àmì bá mi jà. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tutù rárá. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, etí mi ṣì ń gbóná.

"Ta nìyí?"

Ohùn Olùṣọ́ nìyẹn, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilé wa. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn àwọn àpò iyẹ̀pẹ̀ nínú yàrá ọ̀gbìn, mò ń fi ọmọrí bo ìkòkò kan, ìkòkò náà sì ń mì. Ojú Olùṣọ́ ti tàn pupa lókè àjà. Bí ojú yẹn bá ti pupa, ó ti rí ohun tí kò mọ̀ nìyẹn.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi Oyèlékè."

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Oyèlékè. Ẹ̀yin ni mo mọ̀. Èyí tó wà nínú ìkòkò ńkọ́? Ó ń mí. Ta nìyí?"

Mo tẹ ọmọrí náà mọ́lẹ̀. Bí Olùṣọ́ bá ti ka nǹkan sí àlejò nínú yàrá ọ̀gbìn, ọwọ́ irin ẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ láti àjà, á fún un lọ́rùn, iná orí òrùlé á sì máa ṣẹ́jú kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé ilé Elépo ti gba eku. Kí èèyàn tó bọ́jú, Ilé Irúgbìn tó ń pàṣẹ lórí èhù á ti rán alábẹ̀wò wá.

"Ará ilé ni," ni ẹnu mi sọ.

"Ará ilé. Ó dáa. Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ẹ gbọ́, ká ní mo sọ pé Lágbájá, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ti wà lẹ́nu mi látìgbà tí ìyàwó ọmọ-ọmọ mi ti lóyún. Mò ń lá a bí ẹní ń lá oyin. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, nítorí a kì í pe orúkọ ọmọ síta kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Orúkọ bàbá mi tó bí mi lọ́mọ ni. Bó ṣe já bọ́ nìyẹn.

"Dúrójayé," mo ní.

Ojú pupa yẹn di àwọ̀ ewé. Olùṣọ́ bá rọ ohùn ẹ̀, ó sọ fún ìkòkò pé: "Káàbọ̀ o, Dúrójayé."

Ẹmọ́ ló wà nínú ìkòkò o. Ẹmọ́ gidi, tó ní irun, tó ní eyín.

Ẹ ó ní kí ni mo fẹ́ fi ẹmọ́ ṣe. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Nígbà tí Oyèkànmí, ọmọ-ọmọ mi, àti Tinúadé ìyàwó ẹ̀ bí àkọ́bí wọn, eku oníyẹ̀fun la fi wúre lọ́jọ́ ìkómọ. Ilé Irúgbìn ló ń mọ ọ́n. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà ni, wọ́n á fi òwú ṣe ìrù fún un, wọ́n á fi hóró ata ṣe ojú. Ẹja ibẹ̀ náà, ìyẹ̀fun ni. Gbogbo àwa tá a wà lábẹ́ àwọ̀n, òun la ń lò, torí òfin ò gba eku láàyè, òfin ò sì gba èéfín tá a máa fi yan òkú ẹ̀. Wọ́n ní èéfín ń jẹ àwọ̀n. A wúre, a pín eku ẹ̀wà náà jẹ, ó tiẹ̀ dùn. Ọmọ náà ò dúró. Kò tíì rìn tó fi padà síbi tó ti wá.

Ẹnì kankan ò sọ pé eku ẹ̀wà ló fà á. Èmi náà ò sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n ó há sí mi lọ́nà ọ̀fun bí eegun ẹja. Nígbà tí oyún kejì hàn, mo wá ọdẹ kan rí, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń jáde kọjá àwọ̀n lọ ṣa irin àlòkù. Mo bọ́ ṣòkòtò sányán mi kan ṣoṣo fún un, ó gbé ẹmọ́ láàyè wá fún mi nínú agolo. Èrò mi ni pé n ó máa bọ́ ọ títí di ọjọ́ ìkómọ, n ó wá gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn àna wa, kí wọ́n lè rí i pé eku gidi ni ilé Elépo fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Ìfẹ́ ọmọ wà níbẹ̀. Fáàrí náà wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́.

Kò síbòmíràn tí mo lè gbé e sí. Inú yàrá ọ̀gbìn nìkan ni òórùn ilẹ̀ tútù ti lè bo òórùn eku, èmi sì ni àgbà tó máa ń jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án, torí ara mi ò gba ooru mọ́.

Ẹ̀yin tí òjò ṣì ń rọ̀ sí lè má mọ ohun tí yàrá ọ̀gbìn jẹ́ fún wa. Èhù kan ò lè yọ lójú oòrùn ìta mọ́. Inú ilé la ti ń tọ́ wọn, ata rodo, tòmátì, ìgbá, lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò, títí ọrùn wọn á fi le, kí Ilé Irúgbìn tó wá kó wọn lọ sóko. Agbo ilé tí èhù ẹ̀ bá pé ló ń jẹ nínú ìkórè. Èyí tí eku bá jẹ tiẹ̀, wọ́n á yọ iná yàrá náà, wọ́n á lọ fi í fún agbo ilé míì. Wọ́n á sì so òwú pupa mọ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Tẹ́ ẹ bá rí obìnrin tó ní òwú pupa lọ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ewé mọ́ láyé ẹ̀. Kódà ewé ẹ̀fọ́ lọ́jà, ìka ló máa fi tọ́ka sí i, ẹlòmíì ló máa bá a gbé e.

Tinúadé ló ń tọ́jú tiwa. Ọmọbìnrin yìí, ó mọ nǹkan tọ́jú. Ó gbé ẹsẹ̀ gbogbo tábìlì sínú agolo omi kí èèrà má bàa gùn ún. Ó fi wáyà bo orí tíréè kọ̀ọ̀kan. Ó ja ewé dóńgóyárò sí gbogbo igun. Ihò tí kò tó ìka ọmọdé, ó mú irun irin tá a fi ń fọ ìkòkò, ó fi dí i, ó fi ọmọ odó gún un wọlé. Àti Olùṣọ́, ó ń bọ̀wọ̀ fún un. Olùṣọ́ ti wà nílé wa kí wọ́n tó gbé Tinúadé wọlé, nítorí náà Tinúadé ò pè é lórúkọ rí. Ó fún un lórúkọ bí ìyàwó ilé ṣe ń fún àwọn ọmọ ọkọ: Ẹyinjú-Ẹgẹ́ ló ń pè é.

"Ẹyinjú-Ẹgẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò rí àlejò kankan?"

"Mi ò rí àlejò, Tinúadé. Ará ilé nìkan ni mo rí."

"A dúpẹ́ o."

Èmi jókòó lórí àpótí, mò ń wò ó bó ṣe ń dí ihò pẹ̀lú oyún níkùn. Eku tó ń lé síta, inú ilé ló wà. Ńṣe ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo ní, "O ṣeun, Ìyàwó. Orí ẹ á gbè ọ́." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àṣẹ, Bàbá."

Ohun kan tún wà nípa Olùṣọ́ tí mo gbọ́dọ̀ sọ kó tó di pé mo gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá pe orúkọ ará ilé sókè, á sọ ibi tí onítọ̀hún wà fún yín. Ẹ pe "Oyèkànmí!" á ní, "Oyèkànmí wà lẹ́yìnkùlé, ó ń wẹ̀." Nígbà kan àwọn àgbà àdúgbò wá kí mi, wọ́n pe orúkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, Olùṣọ́ ní mo wà nílé ìgbẹ́ àti pé ó tún máa pẹ́ díẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára. Ohun tó bá ti mọ́ni lára, èèyàn kì í rántí ẹ̀ lásìkò tó yẹ.

Tinúadé bímọ. Ọkùnrin ni, ó tóbi, ohùn ẹ̀ ròkè. Gbogbo ilé ń jó. Èmi náà wà lẹ́bàá ọmọ, mò ń wo etí ẹ̀ bóyá ó jọ ti bàbá mi. Mo gbàgbé ẹmọ́ pátápátá. Ebi pa á nínú ìkòkò, ó fi orí ti ọmọrí títí tó fi ṣí.

Ẹmọ́ kì í jẹ èhù lájẹtán. Ọrùn ló máa ń gé. Ó wọ abẹ́ wáyà níbi etí tíréè, ó ń gé wọn lọ bí ẹní fi àlùmọ́gàjí gé òwú. Orí ata níhìn-ín, orí tòmátì lọ́hùn-ún, igi wọn dúró gbọnrangandan láìní ewé.

Ìyá Morádékẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, òun ni olórí àwọn obìnrin agbo ilé wa, ohùn ẹ̀ lè ya aṣọ.

"Ta ló ṣí ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀? Mo ní ta ni? Ìyàwó! Ìyàwó o! Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ!"

Tinúadé jáde pẹ̀lú ọmọ lọ́yàn. Nígbà tó rí àwọn tíréè yẹn, ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo tì í. Kí ìrọbí tó mú mi, mo tì í."

"O tì í, èhù wá dìde, ó gé ara ẹ̀ lọ́rùn? Olùṣọ́! Ta ló wọ yàrá yìí?"

"Ará ilé nìkan ni," ni Olùṣọ́ dáhùn.

"Ẹ gbọ́ ọ! Kò sí eku níbẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ni. O kó ara wúwo wọbí, o fi aṣọ gbá èhù wa lulẹ̀, o wá ń parọ́ lórí ọmọ tuntun. Alábẹ̀wò ń bọ̀ lẹ́yìn ìkómọ. Kí lo fẹ́ ká sọ fún un?"

Ká ní ó bèèrè pé ará ilé wo ni, ó ti parí. Kò bèèrè. Mo dúpẹ́ nínú mi pé kò bèèrè. Ẹ ò rí irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀?

Tinúadé yíjú sí mi láti ilẹ̀ níbẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó níbí. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé mo fi ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀ rí?"

Mo wúkọ́. Mo fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó ọmọ jáde. Gbogbo ẹ̀ á yanjú."

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìyẹn. Ó dùn ún gbọ́, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Tinúadé lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo lọ jókòó sí yàrá mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí ilé dákẹ́, mo wọ yàrá ọ̀gbìn. Ẹmọ́ wà lórí àpò iyẹ̀pẹ̀, ó ń fọwọ́ nu irunmú. Ó wò mí, kò sá. Ta ló fẹ́ sá fún? Ilé ẹ̀ ni. Mo sáré sí i, mo fi fìlà lù ú, ó wọ abẹ́ àpò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo nawọ́, ó bọ́ sí òdìkejì. Èmi, arúgbó, mò ń rá lórí ilẹ̀, Olùṣọ́ wá ń sọ lókè pé, "Ẹ kú eré o, ẹ̀yin méjèèjì."

"Olùṣọ́," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹni tí mo fi hàn ọ́ lọ́jọ́sí, yọ orúkọ ẹ̀ kúrò."

"A kì í yọ orúkọ ará ilé tó wà láàyè, Bàbá Oyèlékè. Ṣé Dúrójayé ti kú ni? Bó bá ti kú, ẹ sọ pé ó ti kú, n ó sì pa orúkọ ẹ̀ rẹ́."

Mo lanu. Ní àkókò yẹn gan-an ni ọmọ ké lẹ́yìn ògiri. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò dúró. Kí n wá fi ẹnu ara mi sọ nínú ilé tí ọmọ náà wà pé Dúrójayé ti kú, kí wọ́n tó fi orúkọ náà lé e lórí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ gbà mí.

"Kò kú," mo ní.

"Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn," ni Olùṣọ́ wí.

Mo ronú, mo ní kí n fún ọmọ lórúkọ míì. Oyèwùmí ni mo mú. Mò ń fi kọ́ ẹnu: Oyèwùmí, Oyèwùmí. Àfi bí Oyèkànmí ṣe wọlé wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, mo mọ̀ pé a kì í bèèrè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orúkọ bàbá yín lẹ fẹ́ fún un, Tinúadé ní kí n sọ fún yín pé ó wu òun. Ó ní látìgbà tí wọ́n ti ń bú òun, orúkọ yẹn ló ń tu òun nínú. Ó ní ọmọ tó bá ń jẹ́ ẹ ò ní lọ."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi." Ibi tí mo bá Oyèwùmí dé nìyẹn.

Àwọn àna wa dé láti Odò-Ọ̀tún. Ìyá Olómi, ìyá tó bí Tinúadé, ló ṣáájú wọn. Obìnrin gíga ni, etí ẹ̀ kan ò gbọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ń rí. Ó wo ojú ọmọ ẹ̀, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi fẹnu sí mi létí: "Lékè, tá a bá ti kómọ tán, kí wọ́n mú ọmọ wọn dání padà kó lọ sinmi. Kí òwú pupa má bàa so nínú ilé yìí." Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, pé kó lọ sinmi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún mi orí, ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n gbé abọ́ wá: oyin, iyọ̀, omi, orógbó, ataare, ẹja ìyẹ̀fun, àti eku ẹ̀wà tí ìrù ẹ̀ jẹ́ òwú. Mò ń wo ìrù yẹn. Mo fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, mo wúre. Ó wá ku orúkọ.

"Orúkọ tí èmi sọ ọ́ ni..." Ohùn mi wọ ikùn. "Dúrójayé."

"Kí ló wí?" Ìyá Olómi nawọ́ sí etí. "Ẹ gbé e sókè, àna mi! Wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ bí ẹni jí i gbé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tinúadé náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti ń bú u. Mo la ẹnu mi.

"Dúrójayé!"

Gbogbo wọn gbà á bó ṣe yẹ kí wọ́n gbà á, èrò kún pálọ̀ títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Dúrójayé o!"

Ojú Olùṣọ́ tàn lókè àjà, àwọ̀ ewé.

"Dúrójayé wà nínú yàrá ọ̀gbìn," ló wí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ ẹ̀. "Ó ń jẹun lọ́wọ́."

Ọmọ náà wà lọ́wọ́ mi, ó ń lá oyin ètè ẹ̀.

"Èyí," ni Ìyá Olómi wí, "èyí, mo gbọ́ ọ."

"Dúrójayé wo?" ni ẹ̀gbọ́n mi bèèrè. "Olùṣọ́, ta ni ń jẹ́ Dúrójayé?"

"Ará ilé ni. Bàbá Oyèlékè ló fi hàn mí kí Tinúadé tó bímọ. Ó kéré, ó ní ìrù."

Wọ́n dìde. Oyèkànmí gba ọmọ lọ́wọ́ mi, mo wá fi ọwọ́ ti ilẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Nígbà tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá ọ̀gbìn, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Ẹmọ́ jókòó sáàárín tíréè tòmátì bí ọba, èhù kan lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti sanra. Olùṣọ́ ń kí i pé, "Ẹ kú jókòó, Dúrójayé."

Oyèkànmí gbé ọmọ fún ìyá ẹ̀, ó fa ọmọ odó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ má lù ú!"

Tinúadé ló ké bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ sáàárín wọn.

"Ẹ má lù ú! Orúkọ ọmọ mi wà lára ẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é tán ni. Ta ló fẹ́ fi ọmọ odó pa Dúrójayé lónìí, nínú ilé yìí, lójú mi?"

Ọmọ odó wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an tó ń bú u sún sẹ́yìn. Ẹ ò rí nǹkan. Ẹmọ́ tí mo gbé wá ká lè pa á fún ìwúre, òun náà ni ẹnì kan ò lè fọwọ́ kàn mọ́, èmi ni mo fi orúkọ yẹn ṣe ààbò fún un.

Mo kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: àgbàlagbà kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó, èmi ni. Èmi ni mo gbé e wọlé. Èmi ni mo sọ pé ará ilé ni. Mo rò pé eku ẹ̀wà ni kò jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dúró."

Wọ́n ń retí kó sunkún, àbí kó ní kí n dìde. Kò ṣe méjèèjì. Ó ń gbé ọmọ jó lọ́wọ́, ó ń wò mí.

"Bàbá," ó ní, "ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bú mi."

"Mo wà níbẹ̀."

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"O dúpẹ́."

Ká ní ó gbá mi létí, ì bá sàn.

Ìyá Olómi ló mú ẹmọ́ náà. Ó fi ìka kan oyin inú abọ́ ìwúre, ó fi ra inú ìdí agolo kan, ó gbé e dùbúlẹ̀ sórí tíréè. Ará ilé wa wọlé fúnra ẹ̀. Ìyá Olómi dé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀yin lẹ mú un wọlé, àna mi. Ẹ̀yin lẹ ó sìn ín sọ́nà."

Ọ̀sán gangan ni. Bí mo ṣe fẹ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà, Olùṣọ́ ní, "Ó dàbọ̀ o, Dúrójayé. Tètè dé." Mo gbọ́ tí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú pálọ̀, mo sì gbọ́ tí wọ́n ní kó panu mọ́. Mo gba gbogbo àdúgbò kọjá, agolo ń họ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá Oyèlékè, wọn ò tíì gbé oúnjẹ ìkómọ, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń sin àlejò."

"Àlejò inú agolo! Ẹ bá wa kí i o!"

Níbi tí àwọ̀n ti parí, ooru gbá mi lójú. Mo ṣí agolo. Kò jáde. Mo dojú ẹ̀ dé, ó fi èékánná dì í mú. Òun náà mọ ibi tó dáa. Mo gbọn agolo títí ó fi já bọ́. Ó wò mí, ó wò yíká ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, ó wọ abẹ́ òkúta.

Nígbà tí alábẹ̀wò dé, èmi ni mo lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, mo na ọwọ́ mi sí i kó tó bèèrè. Òwú pupa náà nìyí lọ́rùn ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé. Mi ò wọ yàrá ọ̀gbìn mọ́, ìta ni mo ń gbé àpótí mi sí. Wọn ò yọ iná wa, torí àwọn àna wa ru èhù láti yàrá tiwọn wá, wọ́n fi dí ojú tíréè wa. Ata tá a máa jẹ lọ́dún yìí, ata àna ni. Gbogbo òkèlè tí mo bá fi kàn án, mo mọ̀ ọ́n lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ Tinúadé, ó gbà. Èmi náà bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó ń bu oúnjẹ fún mi, ó ń kúnlẹ̀ kí mi. Kò tún ní kí n bá òun sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tó kù nìyí. Olùṣọ́ ò gbà kí èèyàn méjì jẹ́ orúkọ kan náà. Nítorí náà, oríkì ọmọ la fi hàn án, Àkànní. Orúkọ ìkómọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ la ń pè é nínú ilé ara wa. Ṣùgbọ́n ìyá a máa gbàgbé. Lánàá yìí, ó ń wẹ ọmọ lẹ́yìnkùlé, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, omi ń ta, inú ẹ̀ dùn, ó gbé ọmọ sókè, ó ní, "Dúrójayé! Dúrójayé mi!"

Olùṣọ́ dáhùn láti inú ilé.

"Dúrójayé jáde pẹ̀lú Bàbá Oyèlékè. Kò tíì padà dé."

Ó gbé ọmọ mọ́ra. Ó wo ibi tí mo jókòó sí. Mo wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á débí, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ẹ̀yin náà rí tí ẹ fi orí pamọ́ fún ará ilé yín. Ẹ kọ tiyín wá, ẹ fi ránṣẹ́ sí Oyèlékè, agbo ilé Elépo, lábẹ́ àwọ̀n. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba orúkọ lọ́wọ́ ẹmọ́ láìsọ pé ó ti kú, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí ọmọ náà tó dàgbà débi tó máa gbọ́ ohun tí Olùṣọ́ ń sọ.